Bí Ọkọ̀ Òkun Méjì Ṣe Pàdé Lórí Àpáta Ọ̀kà

Ẹ jẹ́ kí á yin fìlà. Mi ò sọ pé fìlà ìjòyè, mi ò sì sọ pé fìlà àlùfáà. Fìlà atukọ̀ ni mo ń wí, èyí tí orí rẹ̀ ti funfun nígbà kan rí, tí etí rẹ̀ dúdú, tí wọ́n sì fi okùn wúrà tí kì í ṣe wúrà rán ìdákọ̀ró kékeré kan sí iwájú rẹ̀. Fìlà ọlọ́lá! Fìlà tó rí Lifapúù nílùú òyìnbó kí ó tó rí Ìwàrò tó wà nítòsí wa! Ní gbogbo Ọ̀kà, láti orí òkè dé ẹsẹ̀ àpáta, níbi tí a ti ń fi ife bu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọmọ lè dàgbà títí kó fẹ́yàwó láìrí omi tó jìn ju orúnkún rẹ̀ lọ, ilé wa nìkan ni a ti ní fìlà tí a rán fún ìjì òkun. Bàbá bàbá mi ló ni ín, nítorí rẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Bàbá Atukọ̀. Ó ń dé e lọ sóko. Ó ń dé e lọ síbi ìkómọjáde. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń dé e jókòó síwájú ilé, á máa wo ọ̀ọ́kán bíi pé ìjì ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ewúrẹ́ Ìyá Àgbà nìkan ló ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí kì í dé gọ̀bì bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Orí tó ti rí òkun kò lè padà sábẹ́ gọ̀bì mọ́."

Ilé wa jókòó sẹ́bàá àpáta kan tó tẹ́ bíi pápá ilé ìwé, àpáta náà sì ni àgbàlá wa. Orí rẹ̀ la ti ń sá gbágùúdá, orí rẹ̀ la ti ń pa èkùrọ́, orí rẹ̀ náà la ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ nígbà tí ooru oòrùn ṣì kù lára rẹ̀, tí yóò máa gbóná sí wa nídìí bí ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí mo bá di ojú mi lónìí, ìró ilé náà ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni: òkúta lórí èkùrọ́, kò, kò, kò, ìgbálẹ̀ lórí àpáta láàárọ̀, nítorí pé èmi Dúpẹ́ ni mo ń gbálẹ̀ tí mo sì ń pọn omi, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń pọ́n òkè bọ̀ láti Ìkàrẹ́, tí a ó ti gbọ́ ìkérora rẹ̀ tipẹ́ kí a tó rí imú rẹ̀. Bàbá á ti fìlà sẹ́yìn díẹ̀, á ní, "Èédú ò tó nínú iná ẹ́ńjìnnì yẹn." Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ọkọ̀ akẹ́rù kì í jẹ èédú. Èdè Ọ̀kà là ń sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan omi, Bàbá á yí padà sí Yorùbá ilé ìwé, á sì fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i bí iyọ̀. Ó ní òkun kò gbọ́ èdè Ọ̀kà. Èyí tó wá borí gbogbo ìró ilé náà ni odó Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo mọ̀, ó ń gúnyán fún ọkọ rẹ̀. Odó yẹn ni aago wa: bó bá bẹ̀rẹ̀ sí dún, à ń ká ohun tí a sá, bó bá dákẹ́, à ń sáré fọwọ́.

Àárín àpáta ńlá méjì ni ọ̀nà tó wọ ilé wa gbà, ó sì há débi pé ẹni méjì tó ru ẹrù kò lè kọjá láìfi ara gbo ara. Bàbá ṣe òfin síbẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lójú òkun, kálukú á yà sí ọ̀tún tirẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì kọjá lára wọn; ọ̀kan á rẹ àsíá rẹ̀ sílẹ̀, èkejì á rẹ tirẹ̀, wọ́n á tún gbé e sókè, ó parí, kò sí ẹni tó ń dúró béèrè ilé àti ọmọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa náà gbọ́dọ̀ ṣe láàárín àpáta méjèèjì. Ẹ fojú inú wo ọmọ Àkókó tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí wọ́n ti nà nítorí pé ó fi ọwọ́ òsì gba àkàrà, tí wọ́n wá ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì kí àgbà, kó sì má kúnlẹ̀. Àwọn àna wa tó wá láti Ùgbè gbà pé nǹkan ń ṣe wá. Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá tí a jọ ń gbé, ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ rí àfi èyí tó bá ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, á mọ̀ọ́mọ̀ dúró gbọn-in sáàárín ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wo ló ń fi òsì kí ẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣé ọkọ̀ àwọn olè ni?"

"Ìwọ tí o ò kọjá Ìkàrẹ́ rí."

"Mo kọjá Ìkàrẹ́. Mo dé Ọ̀wọ̀."

"Òkun wo ló wà ní Ọ̀wọ̀?"

Ibẹ̀ ni wọ́n á wà títí ẹni tó ru omi lẹ́yìn wọn, ìyẹn èmi, á fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ṣùgbọ́n òkun yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún Ìyá Àgbà. Bàbá mi, Túndé, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ pé òun ń lọ wáṣẹ́ sí Èkó. Nígbà tí ọkọ náà fi padà dé pẹ̀lú fìlà lórí, Túndé ti ń gun ọ̀pẹ. Láàárín ìgbà náà, wọn ò gbúròó rẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí Ìyá Àgbà lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ó kọ̀. Nígbà tó sì bi ọkọ rẹ̀ pé ibo ló wà, ó ní ìdí iná ọkọ̀ òkun ni òun wà, òun ń fi ṣọ́bìrì da èédú síná lọ sí Lifapúù, òun ń dà á bọ̀. Ó ní nígbàkígbà tí ọkọ̀ àwọn bá pàdé ọkọ̀ tó dojú kọ Èkó, òun á sáré gòkè láti ìdí iná, á dúró létí ọkọ̀ pẹ̀lú òógùn lára, á sì pe orúkọ ìyàwó òun sí wọn. Kì í ṣe Ìyá Túndé tí gbogbo ayé ń pè é, orúkọ rẹ̀ gan-an: "Ọmọ́wùmí o! Mò ń bọ̀ o!" Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, níbi tí mo ti ń bá a pa ẹ̀gúsí, pé ọ̀rọ̀ yẹn ni òun fi dárí jì í. Ó ní, "Ọkọ tó ń pe èèyàn lórí omi, tí èèyàn ò gbọ́, ẹ̀bi ta ni?" Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ó ń bi mí ni. Lónìí mo mọ̀ pé ó ti dáhùn tipẹ́tipẹ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò pọ̀. À ń ti oko bọ̀ lójú ọ̀nà Epinmi, ìṣàn kan tí a kì í kà sí odò sì ti kún dé ìbàdí àgbàlagbà. Bàbá Kékeré ti kọjá pẹ̀lú iṣu lórí. Ìyá Àgbà mú mi lọ́wọ́, àwa náà kọjá. Bàbá dúró létí omi, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní omi tó bá ń sáré báyìí, ojú ni èèyàn kọ́kọ́ fi ń kà á kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó kà á. Ó tẹ̀ ẹ́. Òkúta yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, atukọ̀ wa sì lọ sísàlẹ̀. Ká ní ó dìde dúró ni, omi náà kò ní mu ún dé àyà, ṣùgbọ́n kò dìde dúró, ó ń ju apá, ó ń mu omi, ó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o! Mò ń kú lọ o!" Bàbá Kékeré sọ iṣu kalẹ̀, ó wọ inú omi, ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó sì wọ́ ọ gòkè bí ẹni wọ́ ewúrẹ́. Fìlà bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo sáré tẹ̀ lé e, mo bá a níbi tó ti há mọ́ koríko, ó léfòó, ara rẹ̀ balẹ̀, mo sì rò ó lọ́kàn pé fìlà yìí mọ omi ju ẹni tó ni ín lọ.

Bàbá Kékeré ò tíì fún aṣọ rẹ̀ tán tó fi sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀." Bàbá ń wúkọ́. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Gbogbo ọdún tí ẹ fi wà lójú òkun, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?" Èrò àwa ará orí òkè ni pé bí ẹja ni atukọ̀ ṣe rí, pé kò sí bí wọ́n ṣe máa gba èèyàn sínú ọkọ̀ òkun láìkọ́kọ́ jù ú sómi wò. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rí òkun rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà dá gbogbo wa lójú. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, Bàbá Kékeré ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìwàrò: ẹ̀gbọ́n òun kò wọ ọkọ̀ òkun rí, Èkó ló jókòó sí, ó ń jayé. Mo fẹ́ràn Bàbá púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi ojú mi rí i nínú omi, èmi náà gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, odó kò dún. Púpurú àná, oúnjẹ gbágùúdá, la jẹ, a ò sì gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ìró ẹnu ara wa. Ìyá Àgbà kò pariwo, kò sunkún. Ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní Ìwàrò, kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n arúgbó tó bá ru agbọ̀n aṣọ kúrò nílé ọkọ, ọ̀nà rẹ̀ kì í ní àbọ̀. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò dé fìlà, orí rẹ̀ sì kéré ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ìyá Túndé, òótọ́ ni mo sọ fún ọ."

"Ẹni tó wà lójú òkun, mo ti dárí jì í," ni ó wí, ó ń ká aṣọ lọ. "Ẹni tó jókòó sí Èkó lásán, tí kò rántí ọmọ, èmi ò mọ̀ ọ́n. Kò tíì bẹ̀ mí."

Ó ní bí ọjà Ìkàrẹ́ bá ti kọjá, òun ń lọ, nítorí pé òun ti ṣèlérí irú fún oníbàárà òun kan. Bí ìyá mi àgbà ṣe rí nìyẹn: ilé lè dàrú, ṣùgbọ́n irú kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Mo di aṣọ tèmi náà sínú ìborùn, mo fi sábẹ́ ẹní. Bó bá ń lọ, mò ń lọ. Ta ló fẹ́ dúró nínú ilé tí odó kò ti dún?

Bàbá Kékeré, tí inú rẹ̀ ń dùn jù fún ẹni tí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ tú, ní kò tíì tó. Ó gbọ́ pé atukọ̀ gidi kan wà ní Ìkàrẹ́, Bàbá Sùlé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ òkun sílẹ̀ tó padà wálé. Ọjọ́ ọjà, ó lọ bá a, ó ní kó jọ̀ọ́ kó wá bá àwọn yẹ ẹnì kan wò. Ọ̀sán ni. Ìyá Àgbà ti tajà dé, agbọ̀n rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi wà lókè àpáta, mò ń yí gbágùúdá padà, mo sì ń rí ọ̀nà àárín àpáta méjèèjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí Bàbá tó ń jáde lọ. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ ni, ó dorí kodò bí ẹni tó fẹ́ lọ jókòó síbi tí ojú kò ti ní í tó o. Láti ìsàlẹ̀, mo rí arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú fìlà funfun àwọn Àlùhájì, Bàbá Kékeré ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àárín àpáta méjèèjì gan-an ni wọ́n ti pàdé.

Kò sí ẹni tó kọ́ Bàbá Sùlé ní òfin ilé wa. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí. Bí ó ṣe gbójú sókè tó rí fìlà Bàbá, ó yà sí ọ̀tún. Bàbá yà sí ọ̀tún tirẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì kọjá lára wọn. Bàbá Sùlé ṣí fìlà rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé àyà. Bàbá rẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì tún gbé e sókè. Wọ́n kọjá tán kí wọ́n tó dúró, kí wọ́n tó yíjú padà.

"Ibo lo wà nínú ọkọ̀?" ni Bàbá Sùlé béèrè.

"Ìdí iná."

"Sùbùhánà-l-Láhì! Ìdí iná ni èmi náà!" Ó dì mọ́ Bàbá, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí lu ara wọn lẹ́yìn bí ẹni gbọn eruku ẹní. Ẹnu Bàbá Kékeré là sílẹ̀.

Bàbá Kékeré kọ́kọ́ ní òun ò gbà. Lórí àpáta, níbi tí gbogbo ilé ti pé jọ, ó ní, "Bàbá Sùlé, ẹ má jẹ́ kó fi fìlà bò yín lójú. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi tí kò mu ewúrẹ́ fẹ́ gbé e lọ."

"Wẹ̀ kẹ̀?" Bàbá Sùlé wò ó bí ẹni wo ọmọdé. "Bí o bá jábọ́ láàárín òkun, níbo lo fẹ́ wẹ̀ lọ? Sí Ìkàrẹ́? Àwa tí a wà nídìí iná, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, á kàn pẹ́ kó tó kú ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ títí dòní, wàláhì. Omi àlùwàlá ni omi tó jìn jù tí mo wọ̀." Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára fìlà Bàbá. "Ṣùgbọ́n fìlà yìí... ti ọ̀gá ọkọ̀ ni. Àwa tí à ń da èédú, ta ló fún wa ní fìlà?" Bàbá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìsọ̀ kan wà nítòsí èbúté Lifapúù," ni Bàbá Sùlé wí jẹ́jẹ́, "wọ́n ń tà á fún irú àwa. Tèmi wà nínú àpótí. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n dé e jáde."

Ẹ̀rín bú. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rìn dé iwájú Bàbá Sùlé, ó sì jókòó sórí àpáta, ọwọ́ lórí orúnkún.

"Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí omi," ó ní, "kí lẹ máa ń ṣe, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú rẹ̀?"

"Àwọn ọ̀gá á fun fèrè, wọ́n á rẹ àsíá. Àwa á sáré gòkè láti ìdí iná, Ìyá. A ó máa ju ọwọ́. A ó máa pariwo."

"Kí lẹ̀ ń pariwo?"

"Bí wọ́n bá dojú kọ ilé, orúkọ ìyàwó ni. Tèmi ni Ràbí. Ta lèèyàn tún máa pè? Ará Sàró kan wà pẹ̀lú wa, títí dòní mo mọ̀ pé Rẹ̀jínà ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́."

"Ṣé wọ́n máa ń gbọ́?"

Bàbá Sùlé mi orí. "Irọ́ ò yẹ arúgbó. Wọn kì í gbọ́. Ọkọ̀ kì í sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn á gbé e lọ."

Bàbá Kékeré rí ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù, ó gbà á. "Kí ló wá dé tí kò ránṣẹ́ sílé? Ṣé ọkọ̀ náà kì í dúró sí Èkó ni?"

"Ó máa ń dúró," ni Bàbá Sùlé wí. Ó wo Bàbá bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìyẹn," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì dìde, "èmi àti ọkọ mi á sọ ọ́ nínú yàrá." Ó gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti so ìró rẹ̀ gírígírí. "Dúpẹ́, kí lò ń wò? Lọ bẹ iṣu. Èyí tó tóbi ni o, àlejò wà."

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun tó dára láyé, mo ti gba oyè ní yunifásítì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ìró tó tu ara tó odó yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo lọ tú aṣọ mi nínú ìborùn kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àwọn arúgbó méjèèjì jẹyán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pa ìtàn: ẹja Bàbá tóbi tó ilé, ẹja Bàbá Sùlé jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ilé náà mì. Bàbá Kékeré ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òótọ́ ni, pé òun kàn fẹ́ kí ayé gbọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́ àlejò ní bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì kọjá. Ohun tí Ìyá Àgbà àti Bàbá sọ nínú yàrá, n kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé Bàbá ló pọn omi fún ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tòun tìkòkò lórí fìlà.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun láti ìgbà náà ni kí n máa kọ̀wé fi àwọn èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, àwọn olóyè, àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn tó kọjá lókè ìlú òyìnbó nínú bàálù tí wọ́n wá ń fi imú sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n sọ èyí náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò lọ sí Àpápá. Nígbà tí mo lọ sí Ọ̀kà, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé èmi náà ti rí òkun, pé mo pàdé ọkọ̀ ńlá kan tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀, pé mo pe orúkọ rẹ̀ sí wọn. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ṣé wọ́n gbọ́?" Mo ní atẹ́gùn gbé e lọ. Ọ̀sà ni mo rí, kì í ṣe òkun. Iṣu kò tíì ní jinná lórí iná kí ìrìn náà tó parí. Ọkọ̀ ńlá náà kò sì ti ibì kankan bọ̀; wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n ń kùn ún lọ́dà, àwọn akunlé tó wà lára rẹ̀ sì yíjú wo ọmọbìnrin tó ń pariwo "Ọmọ́wùmí o!" láàárín èrò. Orúkọ yẹn, mo pè é lóòótọ́. Ìyókù, mo fi kún un ni. Mo sì ra fìlà kan ní Àpápá, mo dé e dé Ọ̀kà.